Ọjọ́ Tí A Jọ Dákẹ́

Leeds,
6 Oṣù Kẹwàá, 2024.

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú òjò, ẹ sì kú iṣẹ́ obì. Mo mọ̀ pé àsìkò tí agbọ̀n ń wọlé láti oko nìyí, tí iwájú ṣọ́ọ̀bù á kún fún ewé, tí ẹ ò ní í rójú jẹun títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ bá mi kí Bọ̀dá Yísà. Ẹ sọ fún un pé àbúrò yín ni, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n yín, kó yéé pàṣẹ fún yín.

Ẹ ó máa wò ó pé kí ló dé tí mo fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà lọ́wọ́ àwa méjèèjì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó ké sí ẹnikẹ́ni. Ohùn mi tó ń há láti ọdún tó kọjá, tí ẹ ní kí n máa lá oyin sí, kì í ṣe òtútù ló fà á. Jẹjẹrẹ ni. Inú gògóńgò mi ló wà, ní apá òsì ibi tí ohùn ti ń jáde, apá náà ò sì mira mọ́. Apá ọ̀tún nìkan ni mo fi ń sọ̀rọ̀ báyìí. Láti oṣù Keje ni mo ti mọ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá ní kí n sọ fún yín, ẹ ó kọ́kọ́ bi mí bóyá mo ti jẹun, ọ̀rọ̀ náà á sì padà sínú.

Wọ́n ti ń fa oògùn kan sí mi lára, kímò ni wọ́n ń pè é. Ìgbà mẹ́ta ni wọ́n máa fà á, a sì ti ṣe méjì. Irun mi ti lọ tán, mo ti wá jọ Bọ̀dá Yísà. Ọdúnayọ̀, ọmọ Ìlíṣàn tí a jọ ń wa bọ́ọ̀sì níbí, ló ń gbé mi lọ sí ọsibítù tó ń gbé mi bọ̀.

Lẹ́yìn ìkẹta ni wọ́n á fi ẹ̀rọ kan wo ọrùn mi. Pẹ́ẹ̀tì lorúkọ ẹ̀rọ náà. Bí wọ́n ṣe ṣàlàyé ẹ̀ fún mi nìyí: wọ́n á gún mi lábẹ́rẹ́ irú ṣúgà kan tó ní ìmọ́lẹ̀ nínú. Jẹjẹrẹ máa ń wọ́ ṣúgà mì ju ara tí kò ṣàìsàn lọ, ibi tó bá sì ti mì ín ni ẹ̀rọ á ti rí iná. Bí iná bá ti kú, á jẹ́ pé oògùn ń ṣiṣẹ́. Wọ́n á fi ìtànṣán ẹ̀rọ jó ìyókù ẹ̀, ohùn mi á sì kù fún mi. Bí iná bá ṣì ń jó, wọ́n á gé àpótí ohùn mi kúrò pátápátá, á wá jẹ́ ihò tí wọ́n bá dá sí mi lọ́rùn ni màá máa gbà mí èémí.

Dókítà ní kí n dá ìwọ̀nba ohùn tó kù sí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé. Ẹ má pè mí, nítorí bí ẹ bá pè, màá gbé e, bí mo bá sì gbé e, màá sọ̀rọ̀. Ẹ kọ tiyín sórí ìwé, kí ẹ yà á ní fótò, kí ẹ fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi bí mo ṣe ṣe èyí. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí ìkọ̀wé yín.

Ẹ má sunkún o.

Ọmọ yín tí ẹ̀rù ń bà díẹ̀,
Hàmdálátù.


Sábo, Ṣàgámù,
9 Oṣù Kẹwàá, 2024.

Hàmdálátù ọmọ mi,

Mo ti ka lẹ́tà rẹ. Mo ti ilẹ̀kùn mọ́ra kí n tó kà á. Nígbà tí mo jáde, Ìyá Tawfiq tí ṣọ́ọ̀bù wa jọ kangun síra bi mí pé ta ló kú. Mo ní kò sẹ́ni tó kú, ata ló ta sí mi lójú. Ata wo la sì ń lọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù obì?

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá ọ jà, kí n lè rí ààyè sọ ìyókù. Láti oṣù Keje. O ń wẹ̀ nínú ìnira ńlá báyìí, èmi sì wà níbí tí mò ń ròyìn fún ọ pé ewé ti wọ́n, pé omi ò yọ lẹ́nu ẹ̀rọ. Kí ni mo bí ọ fún, bí kò ṣe kí n bá ọ gbé èyí tó wúwo? Má ṣe irú ẹ̀ sí mi mọ́. Mo ti jà tán.

Ọdún kẹsàn-án rèé tí o ti lọ. Àwòrán orí fóònù yẹn, ṣe ló máa ń gan, ojú rẹ á wá dà bí ojú ẹni tí mi ò mọ̀ rí. Ohùn rẹ ni mo fi ń rí ọ. Bí o bá ti ní "Màámi" báyìí, mo ti mọ̀ bóyá o sùn, bóyá ẹnì kan bí ọ nínú. Bàbá rẹ náà, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un, bó bá ti ń bọ̀ láti Kánò, ohùn ẹ̀ la máa ń gbọ́ níta kí a tó rí ojú ẹ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ gògóńgò yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré létí mi.

Oúnjẹ ńkọ́? Gàrí wa tí mo fi ránṣẹ́ sí ọ, má fọwọ́ kàn án. Ó kan jù, á ta ọ́ lọ́fun. Ìkọ́kọrẹ́ ni kí o máa jẹ. Wá ewùrà rà, kí o rin ín, kí o jẹ́ kó rọ̀ dáadáa, kí o bu epo díẹ̀ sí i, má fi ata sí i. Ẹja gbígbẹ ni kí o lò, ṣùgbọ́n kí o gún un kúnná. Mo mọ̀ pé ọ̀lẹ ni ọ́ nídìí ewùrà rínrin. Bẹ Ọdúnayọ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yẹn sì yé mi ju bí o ṣe rò lọ. Kòkòrò lè wà nínú obì kí ìta ẹ̀ máa dán. Títí tí a ó fi là á, a kì í mọ̀. Ká ní mo ní ẹ̀rọ tó ń wo inú láìlà á ní Sábo yìí, oníbàárà kankan ò bá tí ì bá mi jà rí.

Kọ̀wé sọ ọjọ́ àti aago tí wọ́n máa wò ọ́ fún mi. Mo ti gbọ́ pé mi ò gbọdọ̀ pè, mi ò ní í pè. Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni.

Èmi ìyá rẹ,
Sàdíátù.


Leeds,
30 Oṣù Kẹwàá, 2024.

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìfẹ́ ọmọ. Mo rí ewùrà rà lọ́wọ́ ará Gánà kan. Ọdúnayọ̀ rin ín, ó sì jẹ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, ó ní òun ń tọ́ ọ wò kó má baà ta mí lọ́fun ni. Ṣùgbọ́n mo gbé èyí tó kù mì láìsunkún. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan tí nǹkan kan ti gba ọ̀fun mi kọjá bẹ́ẹ̀.

Kímò ìkẹta ti wọra. Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹfà oṣù tó ń bọ̀ yìí, ni wọ́n máa fi ẹ̀rọ wò mí. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni wọ́n á fún mi ní abẹ́rẹ́, ìyẹn aago mọ́kànlá tiyín. Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ jẹun kí n tó dé, mi ò gbọdọ̀ fi ohun dídùn kankan kan ẹnu. Ìyókù, wọ́n á sọ fún mi tí mo bá débẹ̀.

Ẹ ti ní kí n má fi nǹkan pa mọ́ fún yín mọ́: ẹ̀rù ń bà mí gan-an. Kì í ṣe ikú. Ẹ̀rù pé màá gbé fóònù, ẹ ó ní "Hàmdá", tí mi ò ní í lè ní "Mà."

Ọmọ yín,
Hàmdálátù.


Sábo, Ṣàgámù,
20 Oṣù Kọkànlá, 2024.

Hàmdálátù,

Ṣé kò sí? Láti ọjọ́ ẹ̀rọ, mi ò rí lẹ́tà rẹ. Mo gbé fóònù dání lọ sí mọ́ṣáláṣí, mo gbé e dání lọ sí ilé ìwẹ̀. Yísà ní kí n gbé e sílẹ̀, pé fóònù kì í ṣe ọmọ.

Àbí o ń bínú pé mo pè ọ́ lọ́jọ́ náà? Mo mọ̀ pé mo ṣèlérí. Ṣùgbọ́n nígbà tí aago mọ́kànlá lù, ara mi ò gbà á mọ́. Mo sì rò ó pé àdúrà kì í ṣe ọ̀rọ̀ sísọ, mi ò kúkú bi ọ́ ní ìbéèrè kankan, mi ò bi ọ́ pé kí lo jẹ. Àdúrà nìkan ni mo ṣe, o sì ṣe Àmín, mo pa fóònù. Bí ìyẹn bá bí ọ nínú, fi ìbínú náà kọ̀wé, màá kà á.

Ìyá rẹ,
Sàdíátù.


Leeds,
25 Oṣù Kọkànlá, 2024.

Màámi,

Ẹ má bínú pé mo dákẹ́. Inú kọ́ ló bí mi. Èsì ni mo ń dúró dè, Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n tó pè mí wá gbọ́ ọ, mi ò sì mọ bí mo ṣe máa kọ ọ́ sí yín láti ìgbà náà.

Dókítà fi àwòrán hàn mí. Ọrùn mi ni, ó dúdú, ó wá ní ibi tí iná wà. Apá òsì tí jẹjẹrẹ wà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣókùnkùn tán, oògùn ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ibi tí mo ti fẹ́ máa dúpẹ́ ló ti nawọ́ sí apá ọ̀tún. Iná wà níbẹ̀, Màámi, ó mọ́lẹ̀ gan-an, bẹ́ẹ̀ apá ọ̀tún yìí ò ní nǹkan kan tẹ́lẹ̀. Dókítà ní ó jọ pé àìsàn náà ti kọjá sí apá kejì. Ó ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tí ìtànṣán nìkan lè ṣe fún un. Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kejìlá ni wọ́n fi iṣẹ́ abẹ sí.

Mo bi í bóyá wọ́n lè fi díẹ̀ sílẹ̀ fún mi. Ó ní rárá, gbogbo ẹ̀ ni. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ìrọ̀rùn, ó tiẹ̀ di ọwọ́ mi mú.

Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ohùn mi sílẹ̀ sórí fóònù, díẹ̀díẹ̀, bí agbára bá ṣe gbé e. Mo ti gba "Ẹ kú àárọ̀, Màámi." Mo ti gba "Mo ti jẹun, mà." Mo ti gba orúkọ yín, mo gba orúkọ Bàámi. Bí ohun mìíràn bá wà tí ẹ fẹ́ máa gbọ́ lẹ́nu mi, ẹ kọ ọ́ wá kí n gbà á kí ọjọ́ náà tó pé.

Ọmọ yín,
Hàmdálátù.


Sábo, Ṣàgámù,
27 Oṣù Kọkànlá, 2024.

Hàmdálátù, ọmọ mi, ọmọ bàbá rẹ,

Mi ò lè ṣa obì lánàá. Mo jókòó ti agbọ̀n, mò ń mú èyí tó dára sọ nù, mò ń kó èyí tó ti bàjẹ́ sápò. Ìyá Tawfiq gbà á lọ́wọ́ mi, ó ní kí n lọ sùn.

Bí wọ́n bá ní àfi kí wọ́n gé e kí o tó yè, kí wọ́n gé e. Jẹ́ kí n ti kọ ìyẹn sílẹ̀ kí o má baà rò pé màá dí ọ lọ́nà. Ọmọ tí kò lóhùn sàn fún mi ju ohùn tí kò lọ́mọ lọ. Mi ò fẹ́ kí o gba ohùn kankan sílẹ̀ fún mi. Ìwọ ni mo fẹ́.

Ṣùgbọ́n ohun kan ń jẹ mí lọ́kàn, ìwọ nìkan ni mo sì lè bi. Mo gbàdúrà fún ọrùn rẹ lọ́jọ́ ẹ̀rọ yẹn, láti ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ewé tẹ́ agbọ̀n kan títí wọ́n fi dì í tán tí wọ́n fi okùn dè é. Kò sí nǹkan tó wà nínú ọ̀fun tí mi ò dárúkọ. Ìwọ náà ò jẹ́ kí ọ̀kan bọ́ sílẹ̀. Ìwọ̀nba ohùn tó kù fún ọ yẹn lo fi ń ṣe Àmín lé e lórí. Mò ń gbọ́ ọ, ó ń há, ó ń já, o ò sì dákẹ́. Báwo ni àdúrà tí a ṣe tọkàntọkàn bẹ́ẹ̀ ṣe máa bọ́ sílẹ̀, tí àìsàn á tún wá kọjá sí apá tó dára? Ṣé ẹnu mi ni kò mọ́ ni? Kí ni mo ṣe?

Má dá mi lóhùn bí kò bá rọrùn fún ọ.

Ìyá rẹ,
Sàdíátù.


Leeds,
30 Oṣù Kọkànlá, 2024.

Màámi,

Ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí.

Nígbà tí mo ka lẹ́tà yín dé ibi tí ẹ ti kọ "ìwọ̀nba ohùn tó kù fún ọ", mo dìde dúró. Apá ọ̀tún ni ìwọ̀nba ohùn tó kù fún mi. Apá òsì ò ṣiṣẹ́ mọ́. Apá ọ̀tún nìkan ló ṣe gbogbo Àmín yẹn.

Lọ́jọ́ náà, lẹ́yìn tí nọ́ọ̀sì gún mi lábẹ́rẹ́, ó da bùláńkẹ́ẹ̀tì bò mí, ó ní kí n sùn jẹ́ẹ́ fún bí wákàtí kan kí ṣúgà náà lè rìn kárí ara, kí n má sọ̀rọ̀, kí n má jẹ nǹkan kan lẹ́nu. Ó ní kí n pa fóònù. Mi ò pa á, nítorí ọkàn mi sọ fún mi pé ẹ máa pè. Ẹ sì pè. Màámi, ta ni ìyá rẹ̀ ń ṣàdúrà fún tó máa panu mọ́? Ilé wa ni ẹ ti kọ́ mi pé ẹni tó bá dákẹ́ sí àdúrà, kíkọ̀ ló kọ̀ ọ́. Nọ́ọ̀sì ní kí n má sọ̀rọ̀, mi ò sì sọ̀rọ̀. Àmín ni mo ṣe. Kò wá sọ́kàn mi rárá pé ọ̀rọ̀ sísọ ni Àmín.

Ọdúnayọ̀ gbé mi lọ bá dókítà, òun ló bá mi ròyìn. Dókítà bi wá pé kí ni Àmín. Ọdúnayọ̀ ṣàlàyé. Ó bi wá pé ṣé ẹ̀ẹ̀kan ni, àbí ẹ̀ẹ̀mejì. Ọdúnayọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó ní, "Dókítà, ẹ ò mọ Àlàájà." Ni dókítà bá gbá iwájú orí mú. Ó ní kì í ṣe jẹjẹrẹ nìkan ló ń wọ́ ṣúgà mì, pé iṣan tó bá ń ṣiṣẹ́ náà ń jẹ ẹ́, àti pé apá kan tó bá dá ṣiṣẹ́ apá méjì máa jẹ ẹ́ gan-an ni. Ó ti kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba imú mi wọlé, ó wo apá ọ̀tún náà títí, kò rí ohunkóhun lójú ibẹ̀.

Ṣùgbọ́n kò lè fi ìyẹn nìkan búra, nítorí jẹjẹrẹ lè wà lábẹ́ tí kámẹ́rà ò ní í rí i. Ọjọ́ kọkànlá oṣù Kejìlá ni wọ́n á tún fi Pẹ́ẹ̀tì wò mí, ní aago mẹ́wàá kan náà. Bí apá ọ̀tún bá ṣókùnkùn, kò sí iṣẹ́ abẹ mọ́. Bí iná bá tún tàn níbẹ̀, wọ́n á gé e lọ́jọ́ kejìdínlógún.

Àdúrà yín ò bọ́ sílẹ̀, Màámi. Ẹ̀rọ rí i, kò kàn dá a mọ̀ ni. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ẹ jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má pè mí. Ẹ sọ fún Bọ̀dá Yísà náà.

Ọmọ yín tó tún ti ní ìrètí,
Hàmdálátù.


Leeds,
5 Oṣù Kejìlá, 2024.

Màámi,

Mo rí i pé ẹ ti ka lẹ́tà mi, àmì búlúù méjèèjì ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ náà. Ẹ ò dáhùn. Ṣé mo kọ ọ́ bí ẹni tó ń dá yín lẹ́bi ni? Bí ó bá jọ bẹ́ẹ̀, ìkọ̀wé mi ni kò dára. Èmi ni nọ́ọ̀sì kìlọ̀ fún, ẹ̀yin kọ́.

Mo fẹ́ wọ inú ẹ̀rọ náà pẹ̀lú ọkàn tó balẹ̀, ọkàn mi ò sì lè balẹ̀ bí ẹ bá ń bínú sí mi. Ẹ kọ nǹkan kan, ì báà jẹ́ èébú.

Hàmdálátù.


Sábo, Ṣàgámù,
8 Oṣù Kejìlá, 2024.

Hàmdálátù ọmọ mi,

Ta ló ń bínú sí ọ? Ara mi ni mò ń bínú sí. Mo rò ó títí, mi ò rí ibi tí mo máa fi ọ̀rọ̀ náà sí. Èmi tí mo fẹ́ fi ẹnu mi wò ọ́ sàn, ẹnu mi ló fẹ́ẹ̀ fa ọ̀bẹ sí ọ lọ́rùn. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń pa òwe yìí fún àwọn obìnrin tó ń bá mi ṣa obì. Èmi gan-an ló ń bá wí.

Mi ò fẹ́ jẹun, mi ò fẹ́ gbàdúrà. Ìyẹn ló ba Yísà lẹ́rù. Ó wá jókòó tì mí, mo sì fún un ní lẹ́tà rẹ kó kà. Dípò kó bá mi kẹ́dùn, ẹ̀rín ló bú sí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, àdúrà yín tàn nínú ẹ̀rọ òyìnbó débi tí dókítà fi rí i, ẹ wá ń sunkún. Ta ló tún rí irú ẹ̀ rí ní gbogbo Rẹ́mọ?" Mo ní kó jáde. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tó jáde, èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, mo sì jẹ ọ̀jọ̀jọ̀ mélòó kan.

Ó dáa, gbọ́ ohun tí a máa ṣe. Wọ́n ní ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Gbogbo ayé mi ni mo fi ń kórìíra òwe yẹn, torí mi ò mọ bí a ti ń dákẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, kó rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ fún wa: bí o bá ti dákẹ́, kí àìsàn náà bá ọ dákẹ́. O ò sì ní í dá nìkan dákẹ́. Láti aago mọ́kànlá tiwa lọ́jọ́ náà, títí Ọdúnayọ̀ á fi tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí mi pé o ti jáde nínú ẹ̀rọ, èmi náà ò ní í la ẹnu mi sí ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ ọba ló wá ra obì.

Fóònù rẹ, má gbé e wọ yàrá yẹn rárá. Fún Ọdúnayọ̀.

Ìyá rẹ,
Sàdíátù.


Sábo, Ṣàgámù,
11 Oṣù Kejìlá, 2024.

Hàmdálátù,

Ọdúnayọ̀ ti tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́, mo ti lanu. Jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

Mo rò pé inú ilé ni màá jókòó sí, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí agbọ̀n obì ń lọ sí Kánò ni Ọjọ́rú, mi ò lè ṣàì lọ. Ẹni àkọ́kọ́ tó kí mi ni àfáà wa. "Ẹ kú ọjà o, Àlàájà." Mo tẹ orí ba. Ó dúró, ó tún kí mi. Mo tún tẹ orí ba. Ó lọ, ó ń wo ẹ̀yìn. Kí n tó mọ̀, wọ́n ti ń sọ ní ìsàlẹ̀ ọjà pé Àlàájà Sàdíátù ń bá àfáà jà. Àwọn tó gbọ́ wá kí mi kí wọ́n lè mọ̀ bóyá mò ń bá àwọn náà jà, mi ò dá wọn lóhùn, ìjà náà wá ń pọ̀ sí i.

Ọ̀kan nínú àwọn ará Kánò tó ń ra obì dé, ó sọ iye tó fẹ́ san. Mo wò ó, mi ò fèsì. Ó rò pé mo kọ̀ ni, ó fi kún un. Mo tún wò ó. Ó tún fi kún un, ó wá ń bẹ̀ mí pé ṣebí a ti mọra tipẹ́. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n, mo ti fi ojú rí i báyìí. Ìyá Tawfiq ló wá ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Ó wò mí lójú títí, ó figbe ta, ó sáré lọ pe Yísà pé àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọ lù mí, pé ẹnu mi ti di, kí wọ́n gbé mọ́tò wá. Yísà mọ ohun tí mò ń ṣe. Dípò kó sọ fún wọn, ṣe ló jókòó sórí agbọ̀n tó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu omijé ẹ̀rín.

Ṣùgbọ́n inú mi ò dákẹ́. Mo gbàdúrà ọjọ́sí náà láti ìbẹ̀rẹ̀, mi ò mú un dé ètè. Ó le ju ti ẹnu lọ. Ti ẹnu, èèyàn lè máa gbọ́ ohùn ara ẹ̀ kó sì rò ó pé iṣẹ́ ti ń lọ. Ti inú yìí, kò sí ẹni tó ń ṣe Àmín sí i. Ibi tí Àmín rẹ yẹ kó wà, mo máa ń dúró díẹ̀ kí n tó tẹ̀síwájú.

Jẹ́ kí n gbọ́ èsì nígbà tó bá dé, ì báà dára, ì báà máà dára. Má ṣe mí bíi ti oṣù Keje.

Ìyá rẹ,
Sàdíátù.


Leeds,
16 Oṣù Kejìlá, 2024.

Màámi, Màámi, Màámi,

Ó ṣókùnkùn. Apá òsì ṣú, apá ọ̀tún ṣú. Dókítà gbé àwòrán méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ó ní kí n wò ó. Mo wo òkùnkùn náà títí omi fi bọ́ lójú mi. Mi ò rí ẹni tí wọ́n fi òkùnkùn dá lọ́lá rí, àfi èmi yìí.

Wọ́n ti fagi lé iṣẹ́ abẹ. Ìtànṣán ló kù, oṣù Kìíní ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Kì í ṣe pé àìsàn ti tán o, wọ́n ṣì máa máa yẹ̀ mí wò, ọ̀fun mi á sì tún bó kó tó san. Ohùn mi ò sì ní í rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, á máa há. Ṣùgbọ́n á wà.

Ọ̀dọ̀ àwọn tó fi ẹ̀rọ wò mí, wọ́n ti lẹ bébà kan mọ́ ilẹ̀kùn yàrá tí a ti ń gba abẹ́rẹ́. Nọ́ọ̀sì náà fi hàn mí. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ má sọ̀rọ̀, ẹ má kọrin, ẹ má ṣe àdúrà tó ní ohùn. Nọ́ọ̀sì ní nítorí ìyá mi ni.

Mo bẹ dókítà pé kó fún mi láyè kí n sọ̀rọ̀ fún ẹnì kan péré. Ó ní kó má pẹ́, kó sì jẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Nítorí náà, lọ́la, tí ẹ bá ti kírun Àlàásárì tán, ẹ jókòó ti fóònù. Èmi ni màá pè. Àdúrà tí ẹ gbé mì lọ́jọ́ kọkànlá, ẹ kó o jáde. Mo fẹ́ dí gbogbo ààyè tí ẹ fi sílẹ̀.

Ọmọ yín tó ní ohùn,
Hàmdálátù.


Sábo, Ṣàgámù,
17 Oṣù Kejìlá, 2024.

Hàmdálátù ọmọ mi,

O ti pa fóònù, Yísà ti lọ sílé ẹ̀, ó sì tún ń ṣe mí bíi kí n bá ọ sọ̀rọ̀. Ni mo ṣe mú bírò.

Láti àná ni mo ti to àdúrà náà. Mo tò ó bí ẹni ń to obì, kéékèèké nísàlẹ̀, ńláńlá lókè. Mo kírun tán, mo jókòó, o pè. O ní "Màámi." Ó há, ó rí gan-an bí ohùn bàbá rẹ nígbà tó bá ti Kánò dé, tí eruku ọ̀nà ti kún ọ̀fun ẹ̀. Mo gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Mo ní, "Ọlọ́run ò ní í gba ohùn yìí lọ́wọ́ mi." O ní, "Àmín."

Mo rí i pé o dúró, o dúró títí, o wá ń pè mí, "Màámi, ṣé ẹ wà níbẹ̀? Ṣé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni?" Kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Mò ń wá àdúrà tó kàn, mi ò rí i. Mi ò rántí ohun tó tún kù tí mo fẹ́ tọrọ.

Ìyá rẹ,
Sàdíátù.